Inú Alága

Alága lorúkọ ológbò bàbá mi. Ìyá mi ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ìpàdé kankan nínú ilé wa tí kì í jókòó sí àárín rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Eyín rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ká tán, etí rẹ̀ kan ti ya, síbẹ̀ tó bá wò mí, àfi bíi pé èmi ni mo wá forí pamọ́ sínú ilé òun.

Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni mò ń ṣe. Ìsàlẹ̀ ilé ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, òkè ni bàbá mi ń gbé pẹ̀lú Alága láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, ó ti lé lọ́dún kan díẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà ni inú Alága bẹ̀rẹ̀ sí í dà rú. Ó bì sórí àtẹ̀gùn. Ó ṣu gbuuru sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀. Ó ṣu sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà mi, ó rò ó wò, ó tún ṣu sínú ọ̀kan nínú rẹ̀. Màá fọ ìdọ̀tí àwọn èèyàn látàárọ̀, màá tún gòkè nírọ̀lẹ́ lọ fọ ti ẹranko tí kò kí mi rí.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Ọkùnrin náà tẹ ikùn rẹ̀, ó wo ẹnu rẹ̀, ó wo ibi tí mi ò ní dárúkọ, ó yẹ ìgbẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

"Kò ní aràn, mà, kíndìnrín rẹ̀ sì ṣì dáa," ó ní. "Ẹ máa fún un ní adìẹ bíbọ̀ tí kò níyọ̀. Kó má fẹnu kan nǹkan míì."

Mo délé, mo kìlọ̀ fún bàbá mi pé kò gbọ́dọ̀ fún Alága lóúnjẹ kankan mọ́. Ó mi orí pé òun gbọ́. Aago ni bàbá mi fi ogójì ọdún tún ṣe, kì í sì í sọ̀rọ̀ ju bí aago ṣe ń sọ ọ́ lọ. Mo wá ń bọ adìẹ fún ológbò, èmi ń jẹ búrẹ́dì. Ó jẹ adìẹ náà tán, ó lá ẹnu, ó ṣu ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ohun kan ṣoṣo ló ń fi mí lọ́kàn balẹ̀: ara bàbá mi le. Láti kékeré ni mo ti máa ń rí ìyá mi tó ń gbé ife mílíìkì gbígbóná lọ bá a ní yàrá láràárọ̀, tí á sì gbé ife náà jáde lófìfo. Nígbà tí ìyá mi kú, mo gba iṣẹ́ náà ṣe. Màá gbé mílíìkì gòkè, màá jókòó tì í títí á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, a ó sọ̀rọ̀ oorun àti orúnkún, kí n tó sọ̀ kalẹ̀ lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Tí mo bá padà lọ́sàn-án, ife á ti gbẹ. Inú mi dùn débi pé mo fi ife ńlá rọ́pò ti tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́rú ni Alága wọ ṣọ́ọ̀bù. Kóòtù funfun kan wà lórí tábìlì, ti ọkọ ìyàwó kan tó ń bọ̀ wá gbé e. Mi ò ní ṣàlàyé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fọ kóòtù yẹn, mo sì gbàdúrà kí oòrùn má mú lọ́jọ́ ìgbéyàwó náà.

Mo gòkè lọ bá bàbá mi. "Bàbá, Alága ń lọ ní Sátidé. Obìnrin kan tó ní oko ti ní òun á gbà á."

Bàbá mi wo ológbò náà, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ó ti dàgbà jù fún oko."

"Èmi náà ti dàgbà jù fún ìgbẹ́."

Ó gbé Alága sórí itan rẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ni mo fi tu ara mi nínú. Ṣùgbọ́n àánú rẹ̀ ṣe mí, nítorí Alága nìkan ló ń bá a wà látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo gbé mílíìkì lọ fún un, mo jókòó díẹ̀, mo sọ̀ kalẹ̀. Mo dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kí n tó rántí pé mo gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Mo padà gòkè. Bàbá mi wà lórí ìkúnlẹ̀, orúnkún tó ní kò ṣeé tẹ̀ mọ́ yẹn náà ni o, ó ń da mílíìkì sínú abọ́ kékeré. "Yára mu ún," ó ń sọ fún Alága, "kí ọmọ mi má lọ padà wá bá wa."

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Inú bí mi débi pé ńṣe ni mo jókòó.

"Bàbá, láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí o ti ń gbé e wá."

"Mo ní kẹ́ ẹ má fún un lóúnjẹ."

"Mílíìkì kì í ṣe oúnjẹ. Ológbò kì í sì í mu mílíìkì ni?"

"Ẹ̀yin lẹ ni ín. Ogójì ọdún lẹ fi ń mu ún."

"Mi ò mu ún rí," ni bàbá mi wí. "Ó máa ń rí mi lára. Ìyá mi, ìyá àgbà rẹ, ló pàṣẹ fún ìyá rẹ lọ́jọ́ tó wọlé ọkọ pé ọmọ òun kò gbọ́dọ̀ jí láìmu mílíìkì. Ìyá rẹ á gbé e wọlé, á tìlẹ̀kùn, á jókòó, á bá mi mu ún, á gbé ife òfìfo kọjá níwájú ìyá mi. Ìgbà tí ìyá mi kú, a ò dá a dúró. Jíjókòó yẹn ti mọ́ wa lára."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Ó ń yí ife náà lọ́wọ́. "Tí mo bá ní mi ò mu, o ò ní gbé e wá mọ́. Tí o ò bá gbé e wá, kí lo máa wá jókòó ṣe níbí?"

Mílíìkì ṣì kù nínú ife. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo tìlẹ̀kùn, mo jókòó, mo mu ún tán. Ó ti tutù, irun ológbò sì wà nínú rẹ̀. Ìdajì wákàtí ni mo fi pẹ́ kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí obìnrin olóko dé lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ kó máa padà lọ.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo gbé Alága lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ìgbẹ́ rẹ̀ ti ki. Inú tèmi ló wá ń kùn.

"Oògùn wo lẹ fún un?" dókítà bi mí.

"Èmi ni mò ń bá bàbá mi mu mílíìkì wọn," mo ní, "láràárọ̀."