Ọdún Mẹ́ta Tí Simeon Gé Kúrò

Simeon ń yí rólà, irin ràbàtà tó ń tẹ ilẹ̀ pẹrẹsẹ, lórí pápá kíríkẹ́ẹ̀tì nígbà tí Tíṣà Frederick ké sí i láti abẹ́ igi máńgòrò. Àyà rẹ̀ já. Láti ọdún mẹ́tàlá tó ti ń tọ́jú pápá ilé-ìwé yìí ní Ìjẹ̀bú-Òde, tíṣà kì í pè é kí àyà rẹ̀ má já.

"Bàbá Gilbert, ẹ sáré wá! Ọmọ yín ti dé ìlú Òyìnbó tán o!"

Lẹ́tà wà lọ́wọ́ tíṣà. Ẹgbẹ́ kan ní London ló máa ń fi àmì ẹ̀yẹ dá àwọn ọ̀dọ́ lọ́lá lọ́dọọdún, àwọn tó ti gbá kíríkẹ́ẹ̀tì fún orílẹ̀-èdè wọn tí wọ́n sì ń tayọ. Gilbert, tó gbá a fún Nàìjíríà ní Gáńbíà lọ́dún 1985, ni wọ́n mú lọ́tẹ̀ yìí. Yóò lọ fi oṣù mẹ́ta kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Kò kàn gbọdọ̀ ju ọmọ ogún ọdún lọ, kí bàbá rẹ̀ sì buwọ́ lùwé pé kò jù ú lọ.

"Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀... bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ìwé, sà."

Nínú ìwé. Ojú ti Simeon bó ṣe sọ ọ́. Sòbìyà ló dá Gilbert dúbúlẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ tí kò fi tètè lọ sílé-ìwé. Ìgbà tí ìyá rẹ̀ kú ni Simeon mú un wá sígboro, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó gbẹ bí igi. Ẹ̀rù bà á kí wọ́n má ní ó ti dàgbà jù fún ilé-ìwé, ló bá ní ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Hẹ́dímásítà ní kí ọmọ náà na ọwọ́ gba orí kan etí. Ọwọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá etí, hẹ́dímásítà rẹ́rìn-ín, ó sì gbà á. Gilbert fúnra rẹ̀ gbà pé ọjọ́ orí òun nìyẹn títí dòní.

Ibi tó ń dun Simeon jù ni ti Mọ́rúfù, kápútéènì ẹgbẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì wọn. Ọmọ ogún ọdún ni Mọ́rúfù ní tòótọ́. Gilbert ti ń rìn kí wọ́n tó bí i. Síbẹ̀ Bọ̀ọ̀dá ni Gilbert ń pè é, òun ló ń gbé báàgì rẹ̀, òun ló ń fọ aṣọ funfun rẹ̀. Bí Simeon bá ti rí i, á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Àwọn méjèèjì náà ló ń bọ̀ yìí.

"Gilibáàtì!" Mọ́rúfù ń pariwo. "Tó o bá débẹ̀, má gbàgbé ẹ̀gbọ́n ẹ o! Bàtà ni mo fẹ́, má ra ṣíńgọ́ọ̀mù fún mi!"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Bọ̀ọ̀dá Mọ́rúfù. Ẹ mú báàgì yín wá."

Tíṣà na bírò sí Simeon kó buwọ́ lùwé. Simeon gbà á, kò kọ nǹkan kan.

"Tíṣà... kòkòrò ti jẹ ìwé ìsàmì ẹ̀ o."

"Ta ló béèrè ìwé ìsàmì? Ọ̀rọ̀ ẹnu yín tó wọn, Bàbá Gilbert."

Simeon wo pápá, ó wo ilẹ̀.

"Ọmọ ọdún méjìlélógún ni."

Tíṣà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kú.

"Èmi ni mo gé mẹ́ta kúrò. Òun ò mọ̀."

Gilbert kò béèrè ọ̀rọ̀ London. Báàgì Mọ́rúfù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń wò.

"Bàbá, nínú àwa méjèèjì, ta ni ẹ̀gbọ́n?"

"Ìwọ ni."

Mọ́rúfù fi ọwọ́ méjèèjì gba báàgì rẹ̀. "Ẹ má bínú, sà."

"Má sọ bẹ́ẹ̀," ni Gilbert wí. "Ẹ... ẹ má sọ bẹ́ẹ̀." Ó yí padà, ó gba àárín pápá lọ.

Tíṣà ká lẹ́tà náà. "Kí ni kí n wá kọ sí wọn báyìí? Wọ́n á ní òpùrọ́ ni ọmọ yìí."

"Ẹ kọ ọ́ pé bàbá rẹ̀ ló purọ́," ni Simeon wí. "Ẹ kọ ọ́ kó hàn gedegbe pé ọmọ ò mọ̀. Màá buwọ́ lu ìyẹn."

Tíṣà kọ ọ́. Simeon jókòó sórí rólà, ó gbé ìwé náà lé orúnkún, ó sì ń kọ orúkọ rẹ̀, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, títí ó fi pé.