Ìkúnlẹ̀ Sàbúrátù ní Abakpa

Bí Sàbúrátù bá ti kúnlẹ̀, àwọn ará ilé á sá. Kì í ṣe pé wọ́n ń sá bí ẹni tó rí ejò o. Wọ́n ń fọgbọ́n sá ni. Ẹni tó ń pọnmi á rántí pé òun gbé nǹkan kaná. Ẹni tó ń fọ eyín á tutọ́ kíákíá, á wọlé tòun ti búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. Mama Rita, ìyá onílé fúnra rẹ̀, obìnrin gìrìwò tó ń ta ọ́kpà lẹ́nu géètì, oúnjẹ gbígbóná tó jọ mọ́ínmọ́ín, á gbójú sókè ọ̀run, á mí kanlẹ̀, á ní, "Madam, wetin happen?" Sàbúrátù á ní kò sí nǹkan kan, òun kàn ní kí òun kí wọn ni. Mama Rita á tún mí kanlẹ̀, á yíjú sí ìkòkò rẹ̀.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Sàbúrátù. Ní Ìsẹ́yìn, kí ó tó pọnmi dé ilé, orúnkún rẹ̀ á ti kanlẹ̀ níwájú ìyá yìí, níwájú bàbá tọ̀hún. Wọ́n á béèrè ọkọ, wọ́n á béèrè ọmọ, wọ́n á béèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn ún lọ́jọ́sí, omi á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán lórí rẹ̀. Nígbà náà, ó máa ń kùn pé ìkíni ìlú yìí ti pọ̀ jù. Ní Enugu, kò rí ẹni béèrè ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́.

Alárápé ọkọ rẹ̀ ló ríṣẹ́ sí iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe abọ́ ike ní Emene, ìyẹn ló gbé tọkọtaya náà àti Halimah ọmọ wọn dé Abakpa ní Enugu. Ní kùtù hàì ni Alárápé ń wọ kẹ̀kẹ́ lọ, ilẹ̀ á ti ṣú kó tó dé. Halimah rí ilé-ìwé, ó rí ọ̀rẹ́, kò sì pẹ́ tó fi ń sọ pìjíìnì bí ẹni pé inú rẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Bí ìyá rẹ̀ bá fi Yorùbá bi í léèrè ọ̀rọ̀, pìjíìnì ni yóò fi dáhùn. Nítorí náà, láti àárọ̀ títí ọmọ á fi ti ilé-ìwé dé, Sàbúrátù àti fáànù ló jọ ń sọ̀rọ̀. Fáànù ọ̀hún náà nìyẹn, bí iná bá fẹ́ lọ, kì í dágbére.

Ohun tó wá ṣe ni pé ó fi kún ìkúnlẹ̀. Ó rò pé bóyá èyí tí òun ń ṣe ni kò tó. Bó ṣe ń fi orúnkún kan kí wọn tẹ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi méjèèjì kí wọn. Ó kúnlẹ̀ fún bàbá tó ń tún rédíò ṣe. Ó kúnlẹ̀ fún awakọ̀ tánkà tó gbé omi wá, ọkùnrin náà sì ṣí fìlà bí ẹni tó dé ibi ìsìnkú. Ó tilẹ̀ kúnlẹ̀ fún Sandra, ọmọge tó ń ṣerun ní yàrá iwájú, tí kò tó àbúrò rẹ̀ àbíkẹ́yìn. Sandra wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Bí Sàbúrátù ṣe ń kúnlẹ̀ sí i ni wọ́n ń jìnnà sí i. Kò sẹ́ni tó ní, "Jókòó."

Ohun tó ń wá kò sì ju ìyẹn lọ. Ó sọ fún Alárápé pé bí oṣù bá fi parí tí ẹnì kankan nínú ilé yìí kò tíì ní kí òun jókòó, òun á mú Halimah, àwọn á padà sí Ìsẹ́yìn, kí ó máa bá abọ́ ike rẹ̀ gbé. Alárápé rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, ó panu mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Ó mọ ìyàwó rẹ̀. Bó bá lọ, kò ní padà wá mọ́.

Ìgò òróró ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, Sàbúrátù ṣílẹ̀kùn, ó bá ìgò kékeré kan lẹ́nu ọ̀nà, òróró wà nínú rẹ̀, wọ́n fi aṣọ funfun so ó lọ́rùn. Ó pe ìyá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn. Ìyá ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, kò gbọdọ̀ dá a kọjá, kí ó sì tètè dẹrù kó jáde kúrò nínú ilé náà. Bí yóò ṣe jáde láì dá a kọjá, ìyá kò sọ. Sàbúrátù fi ọ̀pá ìgbálẹ̀ tì í títí ó fi já sí gọ́tà, ó wá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sunkún. Wọn ò kàn fẹ́ràn òun ni ó rò tẹ́lẹ̀. Àṣé lílé ni wọ́n ń lé òun.

Ní Sátidé tó parí oṣù, Alárápé gbé báàgì wọn dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró díẹ̀, ó lọ síbi iṣẹ́. Kẹ̀kẹ́ tí yóò gbé wọn lọ síbi ọkọ̀ ti ń dúró lẹ́yìn géètì. Sàbúrátù gbé báàgì, ó di Halimah lọ́wọ́ mú. Ó ti búra pé orúnkún òun kò tún ní kanlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí mọ́. Ó nàró gbọnrangandan bí òpó iná, ó kọjá níwájú Mama Rita, ó ní, "Good morning."

Mama Rita ju ṣíbí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó wo orúnkún Sàbúrátù. Ó wo ojú rẹ̀. Lójijì, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó kígbe orúkọ Jésù. Sandra sáré jáde tòun ti kóòmù, oníbàárà rẹ̀ tẹ̀ lé e pẹ̀lú irun tí wọ́n di dé ìdajì. Bàbá rédíò náà jáde. Wọ́n yí Sàbúrátù ká, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, omijé sì ń bọ́ lójú Sandra.

Ṣé bí lílọ òun ṣe dùn mọ́ wọn tó nìyí? Sàbúrátù kò lè gbé e mì.

"Ẹ ṣeun o," ló wí. "Ẹ bá jẹ́ n tilẹ̀ dé géètì kẹ́ ẹ tó máa jó."

Yorùbá ló fi sọ ọ́. Gbogbo wọn ní, "Àmín."

Mama Rita di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi pìjíìnì ṣàlàyé. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, èèyàn kì í ṣàdédé kúnlẹ̀ fún èèyàn ẹgbẹ́ rẹ̀ àfi tí ọ̀ràn bá ti kọjá agbára. Obìnrin tó bá wá ń kúnlẹ̀ láràárọ̀, tó sì ń ní kò sí nǹkan kan, ọ̀ràn tirẹ̀ ti wúwo ju ohun tí ẹnu lè gbé. Ojú ń ti àwọn pé àwọn kò lè ràn án lọ́wọ́, ìyẹn ni àwọn kò fi lè wò ó lójú. Wọ́n bi Halimah, Halimah ní ìyá òun máa ń sunkún tí iná bá lọ. Ni àwọn obìnrin ilé bá gbé ọ̀ràn rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń gbààwẹ̀ lé e lórí, wọ́n sì gbàdúrà sí òróró kan fún un, wọ́n gbé e sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Bí kò ṣe kúnlẹ̀ lónìí, àdúrà ti gbà nìyẹn.

Mama Rita bi í bóyá ó fi pa orúnkún. Sàbúrátù wo gọ́tà. Ó ní Ọlọ́run yóò bá òun san án fún wọn.

"Kí wá ni ọ̀ràn náà?" ni Mama Rita wí. "Ó ṣáà ti tán. Sọ ọ́ fún wa."

Gbogbo òyìnbó tí Sàbúrátù gbọ́ fò lọ kúrò lórí rẹ̀. Ó bojú wo ọmọ rẹ̀.

"Sọ fún wọn pé bí a ṣe ń kíni nílé wa nìyẹn. Sọ fún wọn pé mi ò ní ọ̀ràn kankan. Mi ò kàn rí ẹni bá sọ̀rọ̀ ni."

Halimah sọ ọ́. Ní pìjíìnì, kò gùn rárá. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Mama Rita ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí báàgì. Ó wọ́ bẹ́ńṣì jáde lẹ́yìn ìkòkò ọ́kpà, ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún.

"Jókòó," ló wí.

Sàbúrátù jókòó. Mama Rita gbé ọ́kpà kan lé e lọ́wọ́, ooru rẹ̀ ń rú. Kẹ̀kẹ́ fun fèrè, ó tún fun ún, ó bínú lọ. Lẹ́yìn náà, oníbàárà Sandra rántí ìdajì orí rẹ̀, bàbá rédíò padà sídìí iṣẹ́, Mama Rita gbé ọ́kpà lọ fún àwọn tó ń retí rẹ̀ lójú títì, Halimah sì bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sáré lọ. Ó ku Sàbúrátù nìkan lórí bẹ́ńṣì.

Fóònù dún. Alárápé ló ń béèrè, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀, bóyá wọ́n ti wọ mọ́tò. Sàbúrátù ní kẹ̀kẹ́ ti lọ.

"Ó ti gbé yín lọ?"

"Rárá. Òun nìkan ló lọ."

"Kí ló dé?"

"Wọ́n ní kí n jókòó."

Nígbà tó pa fóònù, ọ́kpà ṣì gbóná jù fún jíjẹ, kò sì tíì sẹ́ni tó padà wá sínú àgbàlá. Bẹ́ńṣì náà gùn. Sàbúrátù rọra sún sí etí kan, ó fi àyè sílẹ̀.