Àlàfo Ara Àgbá Kẹ̀kẹ́

"Níbo ni bàbá bàbá mi dúró sí nígbà tí wọ́n ń ya fọ́tò yìí?"

Èmi àti Aunty Kíkẹ́lọmọ wo ara wa. Miss Joanna ló bi wá, ìyá aláwọ̀ dúdú ọmọ Decatur, ní Amẹ́ríkà níbí, tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Ó di etí káńtà mú, ó tẹjú mọ́ fọ́tò ńlá tó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù òdòdó tí Aunty ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Ọdún 1909 ni wọ́n yà á, níwájú ṣọ́ọ̀bù yìí gan-an. Òyìnbó mẹ́rin tó ni ín nígbà náà dúró, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Láàárín wọn ni òdòdó ìsìnkú kan wà tó ga ju ènìyàn lọ: lílì funfun tí wọ́n fi wáyà so di àgbá kẹ̀kẹ́, tí wọ́n gbé ka orí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.

Miss Joanna ní Seth, bàbá bàbá òun, ló fọwọ́ ara rẹ̀ so gbogbo rẹ̀. Ogójì ọdún ló fi ṣiṣẹ́ ní yàrá ẹ̀yìn, wọn kì í jẹ́ kó gba iwájú wọlé. Kò sí fọ́tò rẹ̀ kankan nílé wọn. Dókítà sì ti sọ fún ìyá yìí pé kí ọdún yìí tó parí, ojú rẹ̀ ò ní ríran mọ́. Ó fẹ́ rí ojú Seth kó tó dìgbà náà. Ó ní òun á padà wá ní Thursday.

Irú ìbéèrè báyìí kì í jẹ́ kí n lè jókòó síbì kan. Mo pa ìwé ìdánwò mi tì, mo ya fọ́tò náà sínú fóònù, mo ń fẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Mo wá òjìji rẹ̀ nínú gíláàsì wíńdò. Kò sí.

Ibì kan ṣoṣo ni n kò lè wò: àlàfo ara àgbá kẹ̀kẹ́ náà. Láyé àtijọ́, àwọn olódòdó ilẹ̀ yìí máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi àlàfo sílẹ̀ lára irú àgbá kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀, láti fi hàn pé ìrìn olóògbé já lójú ọ̀nà. Aunty ò mọ̀. Lọ́jọ́ tó gba kọ́kọ́rọ́, ó ní ohun tí kò pé kò gbọdọ̀ wà lára ògiri ẹni tó fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ wá dáwọ́ lé òwò. Ó lẹ sítíkà ṣọ́ọ̀ṣì dí àlàfo náà: ỌDÚN ÀṢEPÉ MI.

Sítíkà náà kò dúró. Láràárọ̀ tó bá ṣílẹ̀kùn, ilẹ̀ ló ń bá a, òórùn lílì á sì ti gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Bẹ́ẹ̀ a kì í ta lílì, torí ó máa ń mú Aunty sín. Kí n tó wakọ̀ dé láti Stone Mountain tí mò ń gbé, á ti dijú, á ti gbàdúrà, á ti lẹ̀ ẹ́ padà. Àwa méjèèjì ò kọ ẹ̀yìn sí ògiri yẹn mọ́. Tí mo bá ń gé igi róòsì, ó máa ń ṣe mí bíi pé ẹnìkan ń wò mí.

Ní Wednesday, mo fẹ ìsàlẹ̀ fọ́tò náà. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni igi náà ní. Mo ka márùn-ún. Méjì wọ bàtà.

Mo tún un kà.

Nígbà tí Miss Joanna dé lọ́jọ́ kejì, mo fi bàtà náà han òun àti Aunty. Mo ní ohun tó ga tó yẹn kò lè dá dúró nínú atẹ́gùn, ẹnìkan ní láti dì í mú láti ẹ̀yìn. Mo wá fi ìka tọ fọ́tò náà lọ sókè, láti bàtà dé ibi tó yẹ kí orí wà. Ìka mi dúró lórí sítíkà.

"Aunty, kí lẹ rí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ lẹ̀ ẹ́?"

"Kò sí nǹkan kan. Ihò dúdú ni."

"Ṣé ẹ wò ó dáadáa?"

"Tóbi, ta ló ń jókòó wo ihò?" Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Pásítọ̀ gbàdúrà sí sítíkà yìí o."

Miss Joanna ò gbọ́ Yorùbá, àmọ́ ó ti bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí aṣọ nù ún.

Aunty fi èékánná ká etí sítíkà náà. Ohun tó ń já bọ́ lójoojúmọ́ lẹ̀ mọ́ gíláàsì fọ́tò náà gbágbá lọ́jọ́ yẹn. Aunty ò dijú. Ó rọra ká a títí ó fi kúrò.

Láàárín àwọn lílì funfun, nínú àlàfo náà, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan ń wo Miss Joanna tààrà.