Ọdún Tí Oòrùn Rọ̀

Ẹni tó bá tún sọ létí mi pé oòrùn rọ̀ lọ́dún náà, èmi àti ẹ̀ la máa jọ wọ ṣòkòtò kan náà.

Òkè ayọnáyèéfín kan ló bú gbàù lókèèrè. Eérú rẹ̀ tètè balẹ̀, àmọ́ gáàsì imí ọjọ́ tó gòkè kọjá ìkùukùu kò balẹ̀. Ó di ẹ̀kán omi kíkan tíntìntín, ojú ọ̀run wá funfun bí omi tí wọ́n fi fọ ìrẹsì.

Àfín ni àbúrò mi ọkùnrin, káfíńtà tó ń kan òrùlé ni. Láti kékeré ló ti ń dé fìlà tó fẹ̀ bí àtẹ, Baba Onífìlà la máa ń pè é. Bí ọ̀run ṣe ṣú bàìbàì, ó fi fìlà kọ́ ìṣó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, oòrùn ti rọ̀. Ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn kan orí mi náà."

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa rán bàlúùnù sókè láti wọn ósóònù, ìbòrí tó ń gba oró oòrùn kó tó kàn wá. Ó ti fẹ́lẹ́. Ẹ̀kán omi kíkan yẹn ti fún gáàsì inú fíríìjì àtijọ́ tó ti gòkè tipẹ́ láyè láti máa jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n níléeṣẹ́ ojú ọjọ́ wa, wọ́n ti pa á láṣẹ fún kọ̀ǹpútà pé kó da iye tó bá kéré jù nù.

Ọ̀gá ní, "Irinṣẹ́ yẹn ti bàjẹ́. Ẹ rán òmíràn."

Mo rán òmíràn. Kọ̀ǹpútà tún da iye rẹ̀ nù. Inú bí mi, mo gba ọ̀dọ̀ àbúrò mi lọ.

"Dé fìlà ẹ. Ìmọ́lẹ̀ ló dín kù, oró ò dín. Ojú la rí, ọ̀rẹ́ ò dénú."

Ó rẹ́rìn-ín látorí òrùlé. "Ṣebí iléeṣẹ́ yín ló sọ lórí rédíò láàárọ̀ pé oòrùn ò ní mú?"

Òótọ́ ni, àwa la sọ ọ́.

Lọ́dún kejì, egbò kan yọ sí etí rẹ̀, kò sì jinná. Nígbà tó fi máa dé ilé ìwòsàn, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Jẹjẹrẹ ni, ó ti wọ ọrùn.

Ọ̀gá wá kí wa nílé ìwòsàn lánàá. Ó ní wọ́n ti tún kọ̀ǹpútà ṣe, àwọn máa kéde bí ósóònù ṣe fẹ́lẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ bá mi mú fìlà mi wá?"

Mo mú un wá. Báńdéèjì ti pọ̀ lórí rẹ̀ jù, fìlà ò wọ̀ ọ́. Mo gbé e lé e láyà, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Ó ní kí n má ṣí kọ́tìnì o, oòrùn máa wọlé.