Ìpín Onígbàjámọ̀

"Kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìṣó kan báyìí, kò gbọdọ̀ kàn án!"

Bàbá fi ọwọ́ gbá tábìlì, ife tíì sì mì tìtì. Ọmọbìnrin rẹ̀ yára gbé ife náà kúrò lórí iṣẹ́ oníṣẹ́. Ògbufọ̀ ìwé òfin ni. Ìwé ìhágún tí bàbá rẹ̀, tó ti ṣiṣẹ́ káfíńtà lókè-òkun rí, fi èdè ibẹ̀ kọ ló wà níwájú rẹ̀ yìí, ó fẹ́ kó tú u sí èdè ibí, kí òun lè gbé e lọ fún nótárì, òṣìṣẹ́ òfin tó ń fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ rọra. Ṣé àbúrò mi náà lẹ ń sọ?"

"Àbúrò tìẹ ni. Igi ni mo kọ́ ọ ní gígé, ó lọ ń gé irun kiri!"

Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa á, ṣùgbọ́n ó gbé e mì. Láti ọjọ́ tí àbúrò rẹ̀ ti fi ṣọ́ọ̀bù káfíńtà sílẹ̀, tó lọ di onígbàjámọ̀ ní òdìkejì títì, òun àti bàbá wọn ò kí ara wọn mọ́. Bàbá ti búra lójú gbogbo ẹbí pé òun á yọ ọ́ kúrò nínú ogún, ẹni tí kì í kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ sì ni. Ẹ̀rù ń ba ògbufọ̀. Ṣé òun lòun máa fọwọ́ ara òun ti ọmọ ìyá òun síta ni?

"Ọ̀gá mi lókè-òkun fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ ológbò," ni Bàbá ń wí. "Ó bímọ o! Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló dé."

"Ọ̀hún nìyẹn, sà. Ìdájọ́ àwọn adájọ́ àtijọ́ ni wọ́n ń tẹ̀ lé níbẹ̀, ẹni tó ni dúkìá sì lè fún ẹni tó bá wù ú. Níbí, inú ìwé òfin ni gbogbo ẹ̀ wà, ọ̀rọ̀ kan sì wà níbẹ̀ tí tọ̀hún ò ní. Èmi máa ń pè é ní ìpín àìgbọdọ̀gbà. Òfin ti yà á sọ́tọ̀ fún ọmọ. Bàbá ò lè fi dù ú."

"Tí mo bá ṣáà kọ ọ́ ńkọ́?"

"Nótárì á ní kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀."

Ó ń retí ariwo. Ariwo ò wá.

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, sà."

"Tí mo bá gba lọ́yà ńlá?"

"Ìwé òfin kan náà ni lọ́yà ńlá máa kà."

"Tí mo bá lọ bẹ̀ wọ́n?"

"Ẹ̀bẹ̀ ò ràn án."

Bàbá mí kanlẹ̀. Ó fa ife tíì sọ́dọ̀, ó mu ún tán bó ṣe tutù tó. Ìgbà yẹn ni ó yé ọmọbìnrin rẹ̀: inú Bàbá ń dùn! Ó ti pẹ́ tó ti ń wá ohun tó máa gba ìbúra náà lọ́wọ́ òun.

"Kì í ṣe pé mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ o," ló wí.

"Rárá o, Bàbá. Òfin ni."

"Òfin ìjàngbọ̀n!"

Ó ṣí fìlà tó ti fà bo etí láti àárọ̀. Irun kún orí ẹ̀ bí igbó. Látọjọ́ ìjà yẹn, kò jẹ́ kí onígbàjámọ̀ mìíràn fọwọ́ kan orí òun.

"Pè é," ni Bàbá wí, ó ń wo ibòmíràn. "Sọ fún un pé mò ń bọ̀ wá gẹrun. Sọ fún un pé òfin ló fipá mú mi."