Orúkọ Mẹ́tàlélógún Lára Kúbùsù

Ẹ fa àga yín sún mọ́ iná, ẹ̀yin tèmi, kí òtútù ilẹ̀ Manitoba má bàa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Ìtàn Tirzah ni, aya Pásítọ̀ Muir, obìnrin kúkúrú tí í kọrin bó bá ń bó pòtétò.

Ó ń gba orúkọ obìnrin jọ sínú ìwé ẹ̀bẹ̀, kí ìjọba lè jẹ́ kí àwọn náà máa dìbò. Ogún orúkọ ló ń wá kí ọkọ̀ ojú irin ọjọ́ Ajé tó kó lẹ́tà lọ sí Winnipeg, níbi tí ìjọba wà. Mẹ́ta péré ló rí. Ẹ̀rù Alàgbà Laidlaw, olórí àwọn àgbà ìjọ, ń ba àwọn yòókù. Alàgbà ti wí lójú ìjọ pé pásítọ̀ tí kò lè kó ìyàwó rẹ̀ níjàánu, kó di ẹrù rẹ̀.

"Kí ẹ̀yin obìnrin rán kúbùsù ìdágbére fún wọn," ló wí.

Bí wọ́n ti ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn. Bí pásítọ̀ bá ń lọ, obìnrin kọ̀ọ̀kan á fi òwú pupa rán orúkọ rẹ̀ sára ègé aṣọ, wọn á so gbogbo ègé náà pọ̀ di kúbùsù alábùlẹ̀. Ọkùnrin kì í wọ ibi tí wọ́n bá ti ń rán an.

Ní Sátidé, wọ́n pé sí gbọ̀ngàn ìjọ. Ta ní í bá wọn rán kúbùsù ìdágbére ara rẹ̀? Tirzah ni. Òun gan-an ló dá orin:

Abẹ́rẹ́ wọlé, òwú tẹ̀ lé e,
Ohun a fọwọ́ rán kì í tú bọ̀rọ̀.

"O ò tiẹ̀ bínú, ìyàwó pásítọ̀?" Effie, aya Alàgbà, ló bi í.

"Màmá, bí mo bá bínú, ṣé kúbùsù yín ò ní mú mi móoru mọ́ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Effie ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo orúkọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rán tán. Láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, ẹnikẹ́ni ò ní kó kọ orúkọ náà síbòmíràn rí.

"Pásítọ̀ mẹ́fà ni mo ti fi orúkọ yìí sìn sọ́nà," ó ní. "Ẹ jẹ́ n fi dá ọ̀kan dúró. Ìwé yẹn dà?"

Abẹ́ agbọ̀n òwú ló wà. Effie kọ orúkọ sí i, ó wá gbójú sókè.

"Kí lẹ ń wò? Èmi ni mò ń sùn ti Alàgbà, ẹ̀yin lẹ wá ń bẹ̀rù rẹ̀."

Kí omi tíì tí wọ́n gbé kaná tó hó, orúkọ inú ìwé ti di mẹ́tàlélógún.

Nírọ̀lẹ́, àwọn ọkùnrin wọlé wá jẹun. Kúbùsù ti wà lára ògiri.

"Ó dára o," Alàgbà ní. "Ìgbà wo ni wọ́n ń lọ?"

"Bàbá Angus," Effie pe ọkọ rẹ̀, "ẹ ka orúkọ ibẹ̀. Gbogbo wọn ló wà nínú ìwé ẹ̀bẹ̀ ìdìbò. Bí ẹ ó bá lé Tirzah nítorí ìwé, ẹ lé gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò máa dáná."

Alàgbà kà á títí ó fi kan orúkọ Effie. Ó wo àwọn ọkùnrin. Páì ápù tó ń gbóná lórí tábìlì ni wọ́n ń wò ní tiwọn.

"Alàgbà," ọ̀kan wí jẹ́jẹ́, "ó ń tutù."

Alàgbà jókòó. "Kí pásítọ̀ gbàdúrà oúnjẹ."

"Ìwàásù ọ̀la ńkọ́?" Effie bi í.

"Kó ṣe ti ọ̀la. Kó ṣe ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ náà. Fún mi ní páì."

Wọ́n jẹ adìyẹ, wọ́n jẹ páì, àwo mọ́ tónítóní. Tirzah fi kúbùsù bo èjìká Effie lórí ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin, ó fi ìwé sí àyà ara rẹ̀ de ọjọ́ Ajé. Bí kálukú ṣe ń relé lórí yìnyín, orin abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń kọ. Wọ́n ní Alàgbà náà ń gbè é.