Gèlè Lórí Àga Kejì

Ẹni tó bá ní eré orí ìtàgé kò ju eré lásán lọ, kò mọ Rosaline Fọláyan ni. Fún ọdún mẹ́fà gbáko, bí ẹgbẹ́ Àyàntúndé bá ti wọ gbọ̀ngàn ní Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta, òun àti Ìyá Fọlọ́runṣọ́, obìnrin kan tó pàdé níbẹ̀, ni wọ́n ń jókòó níwájú pátápátá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé a fi gèlè rẹ̀ gba àyè fún èkejì. Bí ayaba bá wá gbé májèlé fún ọba, Ìyá Fọlọ́runṣọ́ a figbe ta: "Kábíyèsí, ẹ má mu ún o!" Rosaline a gbè é: "Májèlé ni!" Àyàntúndé tó ń ṣe ọba kì í gbé ife sẹ́nu àfi tí wọ́n bá pariwo tán.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ìwà òmùgọ̀: àwọn méjèèjì kò mọ ilé ara wọn! Wọ́n ní ta ló ń béèrè ilé ẹni tí òun ó tún rí ní Sátidé?

Nígbà tí ìjọba fún Rosaline ní fúláàtì ní Festac lọ́dún 1978, ẹgbẹ́ náà wà nírìn-àjò. Ó kó ẹrù, ó lọ, kò sì gbọ́ ìgbà tí wọ́n padà dé. Ilé dára, iná ń tàn, omi ń yọ, ẹni tí yóò kí i kú ilé ni kò sí. Odidi ọdún kan ni àárò Ìyá Fọlọ́runṣọ́ fi ń sọ ọ́.

Ọjọ́ tó rí ìwé ìpolówó ẹgbẹ́ náà lára ògiri ní Agboju nítòsí ilé rẹ̀, díẹ̀ ló kù kó jó. Eré aago mẹ́rin, aago méjì ló ti dé gbọ̀ngàn ilé-ìwé. Ó tú gèlè, ó tẹ́ ẹ sórí àga kejì.

"Àǹtí, ṣé ẹnìkan wà níbí?"

"Ó ń bọ̀."

Ẹ̀ẹ̀meje ló dáhùn bẹ́ẹ̀.

Ọba gbé ife, ó dúró, ó wo ọ̀nà ọ̀dọ̀ Rosaline. Kò sí Ìyá Fọlọ́runṣọ́ tí yóò kọ́kọ́ ké. Rosaline ké apá tirẹ̀: "Májèlé ni!" Àwọn aláìmọ̀kan fi í rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn eré, Àyàntúndé sáré wá bá a, àtíkè ṣì wà lójú rẹ̀. "Háà! Àǹtí, ẹ̀yin rèé? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ìyá Fọlọ́runṣọ́ fi gèlè gba àyè fún yín ní Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kẹrin ó bú sẹ́kún, ó ní tí ẹ bá wà láàyè, ẹ ò ní pa eré yìí jẹ. A ò rí i mọ́ látìgbà náà."

"Níbo ló ń gbé?"

"Ẹ̀yin la rò pé ẹ mọ̀."

Wọ́n ti ń to àga jọ. Rosaline ká gèlè rẹ̀ mọ́ àyà, ó kọjú sí ìtàgé tó ti ṣófo, ó figbe ta:

"Ìyá Fọlọ́runṣọ́, mo wà láàyè o!"

Ó wá dúró, ó ń retí ẹni tí yóò gbè é.